Kí A Tó Wó Ilé Àwọn Mẹkáníìkì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé oṣooṣù Ẹgbẹ́ wa)

Akọ̀wé wa kọ̀wé sí wa pé kí a wá bá yín sọ̀rọ̀ lórí ìlọsíwájú ìlú. Orí-ọ̀rọ̀ náà gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ gẹ́ẹ́ tí ẹni tí ó bá fẹ́ sọ gbogbo rẹ̀ tán ní alẹ́ kan kò ní í sọ ohun kan pàtó. Nítorí náà ẹyọ ohun kan ni a mú nínú rẹ̀, ohun tí olúkúlùkù yín ń kọjá lẹ́bàá rẹ̀ lójoojúmọ́: ọgbà àwọn mẹkáníìkì tí ó wà létí títì, èyí tí Ẹgbẹ́ yìí àti ìgbìmọ̀ ìlú ti pinnu láti wó, kí a sì kọ́ ilé iṣẹ́ tuntun dípò rẹ̀.

Ẹ má ṣe rò pé a wá láti bẹ̀bẹ̀ fún ògbólógbòó ilé náà. Ó ti tó ó wó. Àwọn baba wa ni ó kọ́ ọ ní ayé ìgbà tí kòkó ń lówó lórí, kí a tó gba òmìnira ní 1960, láti máa fi tún àwọn lọ́rì oníkòkó ṣe. Ilé lọ́rì mẹ́ta ni. Lónìí, bí ẹ bá dé ibẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ óò ka ọkọ̀ tí ó lé ní ogún, mẹ́ta lábẹ́ òrùlé, ìyókù nínú oòrùn. Ikán ti jẹ òpó tí ó wà ní apá ọ̀tún, a sì ti fi òpó mìíràn tì í lẹ́yìn bí ẹni fi ọ̀pá fún arúgbó. Páànù orí rẹ̀ ti dógùn-ún, ó sì ti lu bí asẹ́. Ilẹ̀ ibẹ̀ kò ní kankéré rárá. Ẹrọ̀fọ̀ ni nígbà òjò, eruku ni nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà méjèèjì ó sì dúdú bí ìdí ìkòkò, nítorí ọ́ìlì tí ó ti ń mu láti ìran mẹ́ta wá.

Ohun tí a wá sọ ni pé àwòrán ilé tuntun tí a fi hàn wá ní ìpàdé tí ó kọjá dára púpọ̀ lójú, ṣùgbọ́n ojú ẹni tí ń kọjá lọ ni a fi yà á, kì í ṣe ojú ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Bí a bá kọ́ ọ bí a ti yà á yìí, a ó ní ilé tí ó lẹ́wà, a kò sì ní ní ilé ìtúnkọ̀ṣe; àwọn tí a sì ń tìtorí wọn kọ́lé lè má sí níbẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tí a bá ń ṣí i.

Ẹ jẹ́ kí a sọ gbólóhùn kan nípa orúkọ ná, nítorí olùkọ́ ni wá, ó sì ti mọ́ wa lára láti bèèrè ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kí a tó lò ó. Nínú ìwé ìpinnu ìgbìmọ̀ a rí i pé wọ́n kọ ọ́ pé a ó kọ́ “gárééjì tuntun.” Ọ̀dọ̀ Òyìnbó ni ọ̀rọ̀ yìí ti wá, ibi tí a ń gbé mọ́tò sí tàbí tí a ti ń tún un ṣe ni wọ́n sì ń pè bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé ẹnu àwa Yorùbá, ó di ibi tí ọkọ̀ ti ń kó èrò. Ẹni tí ó bá sọ fún awakọ̀ pé kí ó gbé òun dé gárééjì, ibùdókọ̀ ni yóò já a sí. Ìdí tí a fi ń sọ èyí ni pé àwọn ará ìlú kan ti ń yọ̀ báyìí pé a fẹ́ kọ́ ibùdókọ̀ fún wọn, àwọn ẹlẹ́gbẹ́ awakọ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í bèèrè ìgbà tí àwọn yóò kó wọlé. Ilé ìtúnkọ̀ṣe ni kí a máa wí, tàbí kí a pè é ní ṣọ́ọ̀bù gẹ́gẹ́ bí àwọn tí ó ni iṣẹ́ ti ń pè é.

Iṣẹ́ yìí kò tíì pẹ́ títí lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ó ti ní ìtàn. Ní 1901 ni a ṣí ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin láti Èkó dé Ìbàdàn. Ní 1906 ni wọ́n la títì tí mọ́tò lè gbà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́. Kò pẹ́ sí ìgbà náà tí W. A. Dawodu fi ń ta mọ́tò ní Èkó tí ó sì ń tún un ṣe, ọmọ Yorùbá tí ó ti inú iṣẹ́ kẹ̀kẹ́ bọ́ sínú iṣẹ́ mọ́tò. Ìyáàfin Charlotte Olajumoke Obasa náà kó bọ́ọ̀sì tí wọ́n ń pè ní Àǹfàní sí ìgboro Èkó. Baba obìnrin yìí ni Richard Beale Blaize, oníṣòwò ńlá tí ó kú ní 1904, ẹni tí a fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọwọ́ kan ní Abẹ́òkúta. Ẹ kíyèsí i pé àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ka iṣẹ́ irin àti iṣẹ́ igi sí iṣẹ́ ẹni tí kò mọ ìwé. Ẹ̀yìn wọn ni ó di pé bí ọmọ bá kùnà nínú ìdánwò, baba rẹ̀ a fi ìbínú wí pé, “N ó mú ọ lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì,” bí ẹni pé ilé ẹ̀wọ̀n ni ó ń dárúkọ.

Ẹni tí ó bá rò pé òpè ni ń ṣe iṣẹ́ náà, kí ó lọ wo àpótí irinṣẹ́ àgbà mẹkáníìkì kan. Ní ìsàlẹ̀ àpótí ni yóò ti rí àwọn sípánà àtijọ́ tí a fi ìdá ínǹṣì wọ̀n, èyí tí wọ́n fi ń tú Bedford àti Austin tí ó ti Ìlú Òyìnbó wá. Lórí wọn ni àwọn sípánà onímìlímítà wà, nítorí Peugeot, Datsun àti Toyota kò mọ ínǹṣì. Ní 1975 ni a bẹ̀rẹ̀ sí í to Peugeot pọ̀ ní Kàdúná àti Volkswagen ní Èkó, láti ìgbà náà ni ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ka ABD ti mọ 10, 13, 14, 17 àti 19 bí ẹni mọ orúkọ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni tòkunbọ̀ dé. Gbogbo ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ titun tí a tà ní Amẹ́ríkà láti 1996 ni a ti ṣe ihò kan sí lábẹ́ pátákó iwájú awakọ̀, níbi tí a ń ki ẹ̀rọ ayẹ̀wò bọ̀ kí ọkọ̀ náà lè fi nọ́ńbà sọ ibi tí ń dùn ún. Nítorí náà ọ̀gá tí ó ti ń fetí sí ìró ẹ́ńjìnnì bí oníṣègùn ti ń fetí sí àyà aláìsàn ní láti wá kọ́ bí a ti ń ka nọ́ńbà lójú ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kọ́ ọ, ara wọn ni wọ́n sì fi kọ́ra wọn. Àwa kò mọ iye olùkọ́ tí ó lè kó irú ìyípadà bẹ́ẹ̀ mọ́ra ní ìgbà ayé ẹnìkan ṣoṣo láìkùn.

Ẹ wá wò ó: ẹ̀rọ ayẹ̀wò yìí, òjò kò gbọdọ̀ pa á, eruku kò sì gbọdọ̀ wọ̀ ọ́. Òjò àti eruku ni ó sì kún ọgbà àtijọ́ náà. Èyí nìkan tó láti kọ́ ilé tuntun.

Ṣùgbọ́n láti ilẹ̀ ni kí a ti bẹ̀rẹ̀. Nínú àwòrán tí a rí, owó púpọ̀ ni a ń ná sórí iwájú ilé: òpó ńláńlá mẹ́rin, fèrèsé onígíláàsì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àti òkúta mábù tí a ó kọ orúkọ àwọn tí ó dáwó sí. A kò rí ibi kankan tí a ti kọ ọ́ bí kankéré ilẹ̀ yóò ti nípọn tó. Bẹ́ẹ̀ ni a sì ń sọ pé a ó ra ẹ̀rọ olópòó méjì tí ń gbé ọkọ̀ sókè. Inú kankéré ni bóòtì tí ó di irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ mú ń wọ̀ lọ. Àwọn tí ń ṣe é a sì máa bèèrè kankéré tí ó le dáadáa, tí kò sábà dín ní sẹ̀ǹtímítà 10 ní nínípọn. Bí a bá dà á fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ nítorí àti fi owó ra gíláàsì, ọjọ́ tí òpó náà bá fà tu, ọmọ ẹnìkan ni yóò wà lábẹ́ ọkọ̀.

Kí ilẹ̀ náà má sì tẹ́jú bí tábìlì. Ó yẹ kí ó rọra dà sí ọ̀nà kan, kí omi tí a fi ń fọ ọkọ̀ lè ṣàn lọ sínú gọ́tà, kí gọ́tà sì gbé e lọ sínú ihò tí a fi kankéré ṣe, tí a là sí yàrá mẹ́ta. Bí ihò náà ti ń ṣiṣẹ́ kò le láti yé ènìyàn, nítorí ohun tí gbogbo obìnrin tí ń se ọbẹ̀ mọ̀ ni: epo a máa léfòó lórí omi. Omi àti ọ́ìlì jọ wọ inú yàrá kìíní, yanrìn àti ẹrẹ̀ jókòó sísàlẹ̀, ọ́ìlì gun orí omi. Páìpù tí ó lọ sí yàrá kejì kì í mu láti òkè, ìsàlẹ̀ ni ẹnu rẹ̀ kọ sí, nítorí náà omi ni ó ń kọjá, ọ́ìlì sì dúró lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni ní yàrá kejì. Nígbà tí ó bá fi dé ẹ̀kẹta, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ́ìlì náà ti kù sẹ́yìn, a ó sì máa bù ú sínú dúrọ́ọ̀mù. Kò gba ẹ̀rọ kan, kò gba iná mànàmáná. Bíríkìlà àti sìmẹ́ńtì ni, pẹ̀lú ẹni tí yóò máa kó ẹrẹ̀ rẹ̀ lóòrèkóòrè.

A tẹnu mọ́ èyí nítorí pé kànga kan wà ní ìsàlẹ̀ ọgbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n nínú yín. Àwọn ìyá wa ti ń pọn omi níbẹ̀ kí mọ́tò tó dé ìlú yìí. Láti ọdún díẹ̀ wá ni wọ́n ti fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń po kankéré, nítorí òórùn tí ó ń ti inú omi náà jáde. Ilé-iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń tọ́jú àyíká a máa kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn wọn pé ọ́ìlì tí a dà nù nígbà kan ṣoṣo tí a pààrọ̀ ọ́ìlì ọkọ̀ kan lè ba omi tí ó tó mílíọ̀nù kan gálọ́ọ̀nù jẹ́. Àwọn onímọ̀ ti bu erùpẹ̀ wò ní ọgbà àwọn mẹkáníìkì ní ìlú púpọ̀ ní ilẹ̀ wa, wọ́n sì bá òjé àti àwọn irin mìíràn nínú rẹ̀ ju bí ó ti yẹ lọ. Òjé ni ó sì wà nínú bátìrì tí ẹ ń rí tí àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ṣeré lẹ́yìn ọgbà. A kì í fi òjé ṣeré. Ọpọlọ ọmọdé ni ó ń bá jà.

Ọ́ìlì tí a ti lò, tí àwọn fúnra wọn ń pè ní kọ̀ǹdẹ́m, kì í ṣe ohun tí kò ní olówó. Káfíńtà a máa rà á láti fi kun igi nítorí ikán, àwọn bíríkìlà a sì máa fi pa pákó tí wọ́n ń da kankéré sí kí ó má bàa lẹ̀. Bí a bá ní dúrọ́ọ̀mù tí ó dára, tí ó ní ìdérí, tí ó sì dúró lórí pèpéle lábẹ́ òrùlé, owó díẹ̀ yóò máa ti ibẹ̀ wọlé, owó náà ni a ó sì fi máa san fún ẹni tí ń kó ẹrẹ̀ inú ihò.

Ní ti kòtò tí mẹkáníìkì ń wọ̀ lọ sábẹ́ ọkọ̀, àwọn ọ̀gá kan nínú ọgbà ń fẹ́ ẹ nítorí àwọn lọ́rì ńláńlá tí ẹ̀rọ agbọ́kọ̀sókè kò lè gbé. Ẹ̀tọ́ wọn ni. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí yóò gbẹ́ ẹ rántí pé èéfín bẹntiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Inú kòtò ni ó ń sọ̀kalẹ̀ sí, ibẹ̀ ni í sì í dúró dè iná. Nítorí náà kí kòtò náà jìnnà sí ibi tí àwọn wẹ́dà yóò ti máa jórin, kí ó sì ní ihò tí afẹ́fẹ́ yóò máa gbà wọlé nísàlẹ̀. Èéfín mìíràn sì wà tí ó ń ti ẹ́ńjìnnì jáde, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní carbon monoxide. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ènìyàn kò sì ní mọ̀ pé òun ń mí i símú títí yóò fi ṣubú. Ọgbà àtijọ́ náà, pẹ̀lú gbogbo àléébù rẹ̀, kò pa ẹnikẹ́ni lọ́nà yìí rí, nítorí kò ní ògiri. Ilé onígíláàsì tí a ti pa mọ́ yíká ni ó lè pa ènìyàn. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé kí a gbé gíláàsì wọ̀nyí kúrò, kí a mọ ògiri dé ìgbáyà ènìyàn, kí a sì fi òkè sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́. Ìjì òjò tí ó le ní ìhín yìí, láti ìlà-oòrùn ni ó sábà máa ń jà wá. Apá ibẹ̀ ni kí a mọ ògiri sí dé òkè, kí a sì jẹ́ kí òrùlé yọ jáde dáadáa ní àwọn apá yòókù. Kí òrùlé náà ga, kí á fi páànù tí ń mọ́lẹ̀ sí àárín rẹ̀ níhìn-ín lọ́hùn-ún, kí ọmọ iṣẹ́ má bàa máa fi ẹnu di iná tọ́ọ̀ṣì mú ní ọ̀sán gangan.

Ohun tí ó kù nípa ilé náà kò gùn. Kí àwọn panẹ́lì bítà wà ní ìpẹ̀kun, nítorí ẹni tí ń fetí sí ẹ́ńjìnnì kò lè gbọ́ ohunkóhun lẹ́bàá ẹni tí ń fi òòlù na irin. Kí àwọn tí ń fọ́n ọ̀dà ní yàrá tiwọn. Kí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà, kì í ṣe ẹyọ kan, bí kò ṣe méjì, ọ̀kan fún ọkùnrin, ọ̀kan fún obìnrin. Ẹlòmíràn yóò rẹ́rìn-ín sí èyí. Ṣùgbọ́n láti 2004 ni Sandra Aguebor, tí òun fúnra rẹ̀ jẹ́ mẹkáníìkì, ti dá ètò kan sílẹ̀ láti máa kọ́ àwọn obìnrin ní iṣẹ́ yìí, a sì ti ní ọmọbìnrin méjì nínú ọgbà tiwa. Wọ́n ń la títì kọjá lọ tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò. Kò yẹ bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan ti bi wá léèrè, nítorí aṣọ tí a wọ̀ yìí, ohun tí a rò nípa òkúta Ògún tí ó wà nídìí igi máńgòrò. Ìdáhùn wa kò lọ́jú pọ̀. Ẹ̀sìn wa yàtọ̀, gbogbo yín sì mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó gbé òkúta náà síbẹ̀ kò bèèrè lọ́wọ́ wa kí wọ́n tó gbé e síbẹ̀, ilé tí a ó sì kọ́ náà kì í ṣe ilé ìjọsìn fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tí ó ni ín ni kí a bèèrè ibi tí wọ́n fẹ́ lọ́wọ́ wọn kí katakata tó dé, kí a má ṣe fi ọwọ́ agbára gbá a dànù ní ọjọ́ tí a ń wólé, kí ìjà ẹ̀sìn má bàa ti inú ọ̀rọ̀ sípánà àti búréèkì jáde.

Ẹ jẹ́ kí a dé ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Nínú àwòrán náà, iwájú ilé, ní ojú títì, ni a yà sí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá fún àwọn tí yóò máa ta páàtì, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ohun mímu ẹlẹ́rìndòdò. A mọ ìdí rẹ̀; owó ilé yóò pọ̀, àpò ìgbìmọ̀ yóò sì wúwo. Ṣùgbọ́n àyè tí ṣọ́ọ̀bù mẹ́wàá gbà ni àyè tí ọkọ̀ ń gbà wọlé. Ọ̀nà kan ṣoṣo tí ó ṣẹ́kù, tí ó gba ẹ̀gbẹ́ òsì lọ sẹ́yìn, kò fẹ̀ ju ọkọ̀ kan lọ. Bí lọ́rì kan bá kú sẹ́nu ọ̀nà náà, gbogbo ọgbà ni yóò há. A bèèrè lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì bóyá ẹnikẹ́ni ti fi àwòrán náà hàn wọ́n. Kò sí. Àwa ni a kọ́kọ́ tẹ́ ẹ fún wọn lórí ìbòrí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan, kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún tí àgbà inú wọn fi na ìka sí ẹnu ọ̀nà yìí tí ó ní, “Baba, lọ́rì ò ní í lè yí níbí.” Kò lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ayàwòrán ilé, ṣùgbọ́n ó ti ń yí lọ́rì láti kékeré.

Bí ó bá jẹ́ pé a kò lè ṣe láìsí ṣọ́ọ̀bù rárá, kí a dín mẹ́wàá kù sí mẹ́rin, kí a sì sọ ọ̀kan nínú wọn di yàrá ìkàwé. A kò wí èyí nítorí pé olùkọ́ ń wá iṣẹ́ fún olùkọ́. Ọmọ iṣẹ́ ń lo ọdún mẹ́ta sí márùn-ún lọ́dọ̀ ọ̀gá kí ó tó gba ìyọ̀ǹda. Ní ọdún wọ̀nyí, wákàtí méjì lálẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ yóò tó láti kọ́ ọ ní ìṣirò, ní kíka àwòrán wáyà ọkọ̀, àti ní kíkọ ìwé owó. Ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tiwa ti ṣe tán láti máa rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wà ní ọdún ìkẹyìn wá, wọn kò sì ní gba owó. A ó jẹ àǹfààní tiwa pẹ̀lú: àwọn ọmọ iṣẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ohun tí kò sí nínú ìwé atúmọ̀ èdè kankan. Bí ọkọ̀ bá ń fà, bí ó bá ń kọ́, bí ó bá ń jẹ ọ́ìlì, bí búréèkì rẹ̀ bá sọ̀kalẹ̀, olúkúlùkù ni ó ní ìtumọ̀ tirẹ̀ tí kì í yẹ̀. Ó yẹ kí Ẹgbẹ́ tí ó ní òun ń tọ́jú èdè wa gbọ́ èyí, kí ó sì rán ẹnìkan tí yóò máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni ó kù, òun ni ó sì wúwo jù, pàápàá níwájú ẹ̀yin Olóyè. Ẹnu ni a fi fún àwọn ọ̀gá wọ̀nyí ní ilẹ̀ náà. Baba ńlá ìdílé tí ó ni ilẹ̀ sọ fún onílọ́rì àkọ́kọ́ pé kí ó máa lò ó. Onílọ́rì kú, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ jogún àyè. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ lónìí jẹ́ ọmọ iṣẹ́ àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà, síbẹ̀ gbogbo wa ni a mọ̀ pé ìdílé ni a ṣì ń lọ bá kí a tó fi ọwọ́ kan erùpẹ̀. Bí a bá wó ilé àtijọ́ lónìí, kò sí ìwé kan tí mẹkáníìkì lè gbé jáde láti fi hàn pé òun ti wà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ilé tuntun bá parí, ẹni tí ó bá lè san owó ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni yóò gbà á, ẹni náà kò sì ní í jẹ́ ọ̀gá tí ń gba owó iṣẹ́ díẹ̀díẹ̀ lọ́wọ́ àwa olówó oṣù. Ó lè jẹ́ oníṣòwò tí ń ta tòkunbọ̀, tí yóò fi ibẹ̀ pàtẹ ọkọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn dé ìlú ńláńlá ti rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ níbi tí ìjọba ti kó àwọn mẹkáníìkì kúrò ní ìgboro lọ sí ibi tí wọ́n ń pè ní abúlé mẹkáníìkì. Èrò náà kò burú. Ariwo dín kù, ojú títì mọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí a kò ti la ọ̀nà dé ibẹ̀, tí a kò sì fa omi àti iná dé ibẹ̀, àwọn oníṣẹ́ padà sí ẹ̀gbẹ́ títì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, nítorí ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ kú ní àárín ìlú kò lè tì í dé ẹ̀yìn odi. Ohun tí a ní níhìn-ín, àárín ìlú ni ó wà. Kí a má sọ ọ́ nù.

Nítorí náà ohun tí a ń bẹ̀ yín fún ni pé kí ìdílé onílẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú àti àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì jókòó pọ̀, kí wọ́n kọ ìwé àdéhùn kí a tó fi katakata kan òpó kan. Kí a kọ orúkọ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan tí ó wà níbẹ̀ lónìí sínú rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n àyè tí ó ń lò. Kí àdéhùn náà tó ọdún mẹ́wàá ó kéré tán, kí owó ilé jẹ́ èyí tí a ó máa gbà lóṣooṣù, nítorí ojoojúmọ́ ni owó ń wọlé fún wọn, kì í wọlé lọ́dọọdún. Kí owó ilé má sì lè gòkè láìjẹ́ pé gbogbo ẹni mẹ́ta yìí fọwọ́ sí i. Bí ìdílé bá ń bẹ̀rù pé mẹkáníìkì yóò sọ ilẹ̀ di tirẹ̀, kí a kọ ọ́ síbẹ̀ ní kedere pé ayálégbé ni, kì í ṣe onílẹ̀. Ìwé ni ó ń pa irú ẹ̀rù bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ìlérí.

Ìbéèrè kan sì wà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dáhùn: níbo ni wọn yóò ti máa ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń kọ́lé? Kò sí ilé irú èyí tí a lè kọ́ parí láàárín oṣù méjì. Ọ̀gá tí ó bá pàdánù àwọn oníbàárà rẹ̀ fún ọdún kan yóò pàdánù àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú. Ọ̀kadà ni wọn yóò máa gùn, wọn kò sì ní í padà. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí a kọ́ ọ ní ìlàjì méjì. Kí a kọ́kọ́ da ilẹ̀ kankéré, gọ́tà àti ihò ọ́ìlì ní apá òsì tí kò ní ilé rárá, kí a sì fi òrùlé bò ó. Nígbà tí àwọn ènìyàn bá ti kó wọ ibẹ̀, kí a wá wó apá ọ̀tún tí ògbólógbòó ilé wà. Ayàwòrán ilé wí fún wa pé èyí yóò jẹ́ kí iṣẹ́ pẹ́ díẹ̀ sí i, pé owó rẹ̀ yóò sì lé díẹ̀. A gbà pé bẹ́ẹ̀ ni. Òpó iwájú mẹ́rin àti gíláàsì wọ̀nyẹn, bí a bá yọ wọ́n kúrò, yóò dí àlàfo náà, ohun kan yóò sì tún ṣẹ́kù.

A ti fi àpẹẹrẹ ìwé àdéhùn náà, tí a kọ ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì, sílẹ̀ lọ́dọ̀ Akọ̀wé Ẹgbẹ́, pẹ̀lú àwòrán ilé tí àwọn ọ̀gá mẹkáníìkì ti fi pẹ́ńsù lẹ́ẹ̀dì sàmì sí. Kí ẹnikẹ́ni tí ó bá ní àtakò kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ìwé náà kí ìpàdé oṣù tí ń bọ̀ tó dé, nítorí ní ọjọ́ náà ni ìgbìmọ̀ fẹ́ fi iṣẹ́ lé agbaṣẹ́ṣe lọ́wọ́.